Kí Ló Ń Ṣe É? Róbọ́ọ̀tì Alápáálí, Ìsàlẹ̀ Èkó àti Èdè Yorùbá

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé ibi tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni èdè Yorùbá ti ń parí. Wọ́n á ní a lè fi kéwì, a lè fi kọrin, ṣùgbọ́n bí wáyà àti bátìrì bá ti wọ ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí tako èrò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti orí ọ̀rọ̀ "róbọ́ọ̀tì" fúnra rẹ̀. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èdè Czech ni. Òǹkọ̀wé eré-oníṣe kan, Karel Čapek, ló lò ó nínú eré rẹ̀ R.U.R., tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1920, tí wọ́n sì ṣe lórí ìtàgé ní ìlú Prague ní 1921. Josef, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dábàá ọ̀rọ̀ náà fún un. Inú "robota" ni wọ́n ti fà á yọ, ìyẹn iṣẹ́ tipátipá tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe lóko onílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà yóò rí ìjọra díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ń lọ sílé bí wọ́n bá ti san gbèsè tán. Róbọ́ọ̀tì kò ní ẹni tí yóò rà á padà.

Àwa náà kò dúró de róbọ́ọ̀tì kí a tó máa fún ẹ̀rọ lórúkọ. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò oníwáyà ní Èkó. Wọ́n fa wáyà dé ilé ẹni tó bá san owó, wọ́n gbé àpótí kékeré kan síbẹ̀, ohùn a sì máa ti inú rẹ̀ jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá ní orúkọ kan fún rédíò tó bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ mu gẹ́lẹ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ tú u palẹ̀: a-sọ̀rọ̀-má-gbà-èsì. Orúkọ yìí kò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà. Ìwà rẹ̀ ló sọ. Ẹni tó bá sì ti ń ṣọ́ ìwà ẹ̀rọ báyìí ti ń sún mọ́ iṣẹ́ àtúnṣe.

Mo rí àrídájú èyí ní Ọjà Balógun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe róbọ́ọ̀tì fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì iléèwé rẹ̀. Páálí bàtà ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bátìrì méjì ló ń fún un lágbára, ẹ́ńjìnnì kékeré tí a yọ lára ọkọ̀ ìṣeré ló sì yẹ kó máa yí ẹsẹ̀ náà. Kò lọ. A gbé e tọ bàbá kan tó ń tún aago àti rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà náà.

Bàbá gbé e wò. "Kí ló ń ṣe é?"

"Kò ṣiṣẹ́ ni, sà."

"'Kò ṣiṣẹ́' kì í ṣe èsì, ọmọ mi. Ṣé kò yí ni, àbí ó ń yí, kò kàn lọ?"

Ìbéèrè kan yìí ti pín iṣẹ́ sí méjì. Bí kò bá yí, ẹjọ́ iná ni; bó bá ń yí tí kò lọ, ẹjọ́ ẹsẹ̀ ni. Bàbá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tan án: ẹ́ńjìnnì kò yí. Ọ̀ràn kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó so gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mọ́ bátìrì méjèèjì: ó tàn. A jẹ́ pé wọn kò kú, a kò sì kọjú wọn síra. (Bátìrì olóókan volt 1.5 méjì ń fúnni ní volt 3 bí a bá tò wọ́n tẹ̀léra dáadáa. Bí a bá kọjú wọn síra, òfo ni.) Ó gbé gílóòbù kan náà sẹ́nu wáyà tó wọ ẹ́ńjìnnì: òkùnkùn. "Iná kúrò nílé, kò dé oko," ni Bàbá wí. Ó tú téèpù ara bọ́tìnnì tí a fi ń tan án, a sì rí i pé rọ́bà ṣì bo orí wáyà kan. Wọ́n bó o, ẹ́ńjìnnì yí.

Wọ́n dá ẹsẹ̀ padà, róbọ́ọ̀tì bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí ọmọ náà rò ó fúnra rẹ̀. Ọmọ náà pààrọ̀ wáyà méjèèjì tó wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì kọjú síwájú. Ó tún ń yípo lójú kan: ẹsẹ̀ òsì ń ha páálí. Wọ́n gé páálí náà díẹ̀, ó tọ́.

Ẹ kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyí: yí, lọ, kú, já, ha. Sílébù kọ̀ọ̀kan péré ni, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tọ́ka sí àléébù tirẹ̀. Ẹ sì wo "Kí ló ń ṣe é?" Ìbéèrè tí à ń bi ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn náà nìyẹn. Nínú "ìwòsàn", "wò" ló ṣáájú "sàn". Ẹni tó bá ń pààrọ̀ bátìrì kó tó wo ibi tí iná dé, ó ń wá "sàn" láìkọ́kọ́ "wò".

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iyàrá ìkàwé kí wọ́n tó bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1923, ló ṣáájú ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, ní Modákẹ́kẹ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ó papò dà ní 2010.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Mo mọ̀ pé èdè orílẹ̀-èdè yìí pọ̀, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n "kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe èsì. Ṣé èdè ni kò yí, àbí ìwé àti olùkọ́ tí yóò gbé e lọ ni kò dé iyàrá ìkàwé? Wọn ì bá kọ́kọ́ gbé gílóòbù sẹ́nu wáyà wò kí wọ́n tó ju ẹ̀rọ náà nù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún yín. Ẹ tọ atúnrédíò, mẹkáníìkì àti oníṣẹ́ iná àdúgbò yín lọ, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àléébù ẹ̀rọ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Ìwé sáyẹ́ǹsì tí a ń wá kò lè kọ ara rẹ̀. Ire o.