Ìtàn Ìtọ́jú Ẹni Tí Kò Fẹ́ Jẹun

Ebi àìrí-jẹ ni Yorùbá mọ̀ jù; òun la fi ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ebi mìíràn wà. Oúnjẹ ń bẹ nílé, ọmọ kò fẹ́ jẹ ẹ́. Tàbí kó jẹ àjẹjù tán, kó wá ti ìka bọ ọ̀fun láti bì í. Àìsàn ọpọlọ ni.

William Gull, dókítà kan ní London, ló sọ àìfẹ́jẹun yìí ní anorexia nervosa ní 1873. Dókítà Gerald Russell sọ àjẹjù àti bíbì náà ní bulimia nervosa ní 1979. Láàárín àwọn ọdún 1960, Aaron Beck ní Amẹ́ríkà ti dá ìtọ́jú kan sílẹ̀ tó ń yẹ ìrònú aláìsàn wò, torí pé ohun téèyàn ń rò nípa ara rẹ̀ ló ń darí ìṣe rẹ̀. Ní 1981, Christopher Fairburn ní Oxford gbé ìwádìí jáde lórí bó ṣe fi ìtọ́jú yìí wo bulimia.

Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe é fún àwọn aláìsàn lápapọ̀. Wọn á jókòó yíká, oníkálukú pẹ̀lú ìwé tó ń kọ oúnjẹ rẹ̀ sí: aago méje àárọ̀, àkàrà kan, mo jẹ ìdajì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ ohun tó rò: "Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, n kò níláárí mọ́." Ẹni tí irú èrò yìí ti dà láàmú rí ni yóò bi í pé: "Kí ló fi hàn bẹ́ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹni sì lè wọni lára ju ti dókítà lọ.

Ìtọ́jú láàárín èèyàn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Mọ̀lẹ́bí kan ní láti bá aláìsàn wá, kó máa gbọ́únjẹ fún un, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láràárọ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2004 lórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 668 ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Gánà tún kọ́ wa lọ́gbọ́n. Mẹ́wàá nínú wọn ló ń febi pa ara wọn. Wọn kò sọ pé ẹ̀rù sísanra ló ń ba àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú irú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìrònú tiwọn, kò gbọdọ̀ fi ti ará London díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ní Ọlá àti gbogbo agbègbè Èjìgbò, bí ààwẹ̀ bá parí tí ọmọ kò padà sídìí oúnjẹ, tó ń rù, tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ má pè é ní olóríkunkun. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Ífẹ̀ tàbí Aró. Ẹ bá a lọ, kí ẹ sì jókòó tì í.