Rọ́bà, Táyà àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Fífà àti Gígan ní Ìkẹjà àti Agége

Kí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tó dé Ìkẹjà ni rọ́bà ti di ọjà ní Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 1894, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rọ́bà láti Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Ghana, wá fi bí a ti ń ṣá igi ìrẹ́ lára hàn ní ilẹ̀ Yorùbá, débi pé rọ́bà tí ó ti Èkó jáde ní 1895 wúwo ju mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lọ, kí ṣíṣá àṣejù tó pa ọ̀pọ̀ igi náà, tí òwò náà sì wọmi. Ìwà méjì ni ó sọ oje igi yìí di ohun iyebíye: ó ń nà bí a bá fà á, ó sì ń padà sí ipò rẹ̀ bí a bá dẹ̀ ẹ́. Ìwà méjèèjì yìí ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pẹ̀lú gbára lé, ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége sì so ọ̀rọ̀ rọ́bà àti ti iṣan pọ̀.

Agége ni reluwé gbà kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901, oko obì àti kòkó ni ó sì kún ibẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ fi dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tí ó yá, tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Dunlop sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe táyà ní 1963, bẹ́ẹ̀ ni Agége di ibùgbé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí iṣẹ́ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru.

Oje rọ́bà lásán kò lè di táyà, nítorí ó ń lẹ̀ nínú ooru, ó sì ń gan nínú òtútù. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po imí ọjọ́ mọ́ ọn, tí a sì fi iná sè é, imí ọjọ́ náà a máa so àwọn fọ́nrán inú rọ́bà mọ́ra: ìso díẹ̀ ń jẹ́ kí ó máa padà sípò, ìso púpọ̀ sì ń mú kí ó gan kí ó sì sán. Síbẹ̀ rọ́bà nìkan kò tó, nítorí bí afẹ́fẹ́ inú táyà ti ń tì í síta ni ara rẹ̀ ń fà, èyí tí a lè pè ní ìfà ògiri. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ́ okùn náílọ́ọ̀nù tàbí wáyà sáàárín rẹ̀ kí ó má baà bẹ́.

Àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti ń wá irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ara tipẹ́. Nínú ìwé tí Stephen Hales, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1733, ó ṣàlàyé bí ó ti fi ọ̀pá dígí wọn bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ga tó láti inú iṣan ẹṣin. Láàárín 1805 sí 1808, Thomas Young ní Lọ́ńdọ̀nù àti Laplace ní Faransé la ọ̀nà sí òfin tí ó sọ pé ìfà ògiri ń pọ̀ bí ìtì inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tó, àti bí inú rẹ̀ bá ti fẹ̀ tó. Nítorí náà ni iṣan tí ó tín-ín-rín ju irun lọ kì í fi í tètè bẹ́, tí iṣan ńlá tí ó ti wú sì túbọ̀ ń wà nínú ewu bí ó ti ń wú sí i. Ní 1896, nígbà tí táyà afẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop ṣe ní 1888 kò tíì ju ọmọ ọdún 8 lọ, Scipione Riva-Rocci, dókítà ní Italy, fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ṣe ohun tí a ń wé mọ́ apá láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, Nikolai Korotkoff ti Rọ́ṣíà sì fi gbígbọ́ ohùn iṣan kún un ní 1905.

Nínú ògiri iṣan àlọ, ìyẹn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọkàn, elastin ni ó ń ṣe iṣẹ́ rọ́bà, collagen sì ni okùn tí kì í jẹ́ kí ó nà kọjá ààlà. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, iṣan ńlá a nà láti gbà á, nígbà tí ọkàn bá sì sinmi, iṣan náà a padà sípò, a sì ti ẹ̀jẹ̀ náà síwájú. Ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń já elastin díẹ̀díẹ̀, ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ sì ń so collagen mọ́ra gẹ́gẹ́ bí imí ọjọ́ ti ń ṣe sí rọ́bà. Nígbà tí ògiri náà bá ti gan, nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ìfúnpá a ga sí i, ti ìsàlẹ̀ a sì máa wálẹ̀, ọkàn a ṣe làálàá, ìlù rẹ̀ a sì máa dé inú àwọn iṣan kéékèèké ọpọlọ àti kíndìnrín láìsí ohun tí ó rọ̀ ọ́. Gígan náà tún ń yí ẹran ara padà, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì mọ bí ibi tí wọ́n wà ti le tó. Ní 2006, Adam Engler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé líle ibi tí a gbé sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ lé lè darí rẹ̀ láti máa dà bí ti ọpọlọ, ti ẹran tàbí ti egungun.

Ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1955 ni ó dàgbà di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001. Láàárín àkókò náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ ìlú Ondó, darí ìwádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997, èyí tí ó fi hàn pé ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ti pé ọdún 15 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí a bá fi 160/95 ṣe ààlà. Bí a bá lo 140/90 tí ó wọ́pọ̀ lónìí, wọn ìbá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dunlop kò ṣe táyà mọ́ ní Ìkẹjà láti nǹkan bí ọdún 2008, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wọlé iṣẹ́ ní ọmọ ogún ọdún ní 1963 ti lé ní ọgọ́rin ọdún, elastin tí púpọ̀ nínú rẹ̀ di ṣíṣe kí wọ́n tó dàgbà ni wọ́n sì ń lò di ìsinsìnyí, nítorí ara kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe tuntun lẹ́yìn ìgbà èwe. Nítorí náà, nígbà tí a bá wọn ìfúnpá irú àgbà bẹ́ẹ̀, tí òkè jẹ́ 165 tí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 70, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ tù ú nínú, nítorí àlàfo gbòòrò tí ó wà láàárín méjèèjì ni àmì pé iṣan ńlá rẹ̀ ti gan.