Ẹ̀rọ Ló Ń Mí fún Un: Ọ̀rọ̀ tó Yẹ Ká Fi Bi Ẹbí

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1967, ọkọ̀ gbá ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ní Cape Town. Ìyá kú. Wọ́n gbé ọmọ náà, Denise Darvall, ẹni ọdún 25, dé ọsibítù Groote Schuur, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn dókítà lọ bá bàbá rẹ̀, Edward Darvall, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n bi í bóyá yóò jẹ́ kí wọ́n fi ọkàn ọmọ rẹ̀ gba ẹlòmíràn là. Ó gbà. Lọ́jọ́ kejì, dókítà oníṣẹ́ abẹ Christiaan Barnard gbé ọkàn yẹn sí aláìsàn kan, Louis Washkansky, láyà, ọkùnrin náà sì lo ọjọ́ 18 sí i láyé. Iṣẹ́ abẹ yẹn ni ayé ń rántí. Ìbéèrè tí wọ́n bi bàbá ló ká mi lára. Bí a bá ní ká túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí sí Yorùbá, orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: “ìtọrẹ ẹ̀yà ara”, “ikú ọpọlọ”. Èrò mi ni pé ká kọ́kọ́ wá gbólóhùn tí a lè fi bi ẹbí, kí orúkọ tó tẹ̀lé e.

Ẹ gbé “ikú ọpọlọ” wò. Létí Yorùbá, ó jọ pé ẹ̀yà kan ló kú, tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣì wà. Wọn á ní: ọpọlọ ló kú, òun ńkọ́? Èyí tó tún le ni pé inú “mí” ni “ẹ̀mí” ti jáde wá. Ẹbí tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì ń wo àyà tó ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀, ara ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ń mí, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Èdè wa gan-an ló ń jẹ́rìí ta ko dókítà. Síbẹ̀, inú èdè náà ni ọ̀nà àbáyọ wà, torí a lè bèèrè pé ta ló ń mí. Ní Britain, dókítà méjì ló ń yẹ ẹni tí wọ́n rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti kú wò, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn á tan iná sí i lójú, wọn á da omi tútù sí i létí. Níkẹyìn wọn á yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ tó ń mí fún un fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn á máa wò ó bóyá àyà rẹ̀ á gbéra fúnra rẹ̀. Bí kò bá gbéra, ẹ̀rọ nìkan ló ń mí. Ohun tó yẹ kí ẹbí gbọ́ nìyí: “Ó ti kú. Ọpọlọ tó ń jẹ́ kó mí ti kú, kò sì lè sọjí mọ́. Ẹ̀rọ ló ń mí fún un, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi ṣì ń lù.” Bó bá jẹ́ àgbà, ká sọ ọ́ di “wọ́n”. Ẹlòmíràn á ní Yorùbá kì í la “kú” mọ́ni lójú báyìí, pé “ó ti dákẹ́” ló bọ́ sí i. Níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́bàá ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó dákẹ́ lè jọ ẹni tó sùn, ìrètí òfo sì burú ju ọ̀rọ̀ líle lọ.

“Ẹ̀yà ara” náà ní ẹrù tó gbé. Nínú ìròyìn, bí a bá gbọ́ pé wọ́n ká ẹ̀yà ara èèyàn mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, olóògùn owó la mọ̀. Àwọn baba wa sì máa ń fi ọ̀bẹ sàmì sí òkú àbíkú, pé bó bá padà wá, àmì náà á bá a wá. Ẹni tó bá lọ sọ pé “a fẹ́ gé ẹ̀yà ara rẹ̀” ti dá gbogbo ẹ̀rù yìí sílẹ̀. Kí a dárúkọ ohun tí a fẹ́: kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọkàn tó ń lù láyà (“ọkàn” lásán lè mú ìwà àti ìgbàgbọ́ dání). Kí “yọ” jẹ́ ti dókítà, kí “fi tọrẹ” jẹ́ ti ẹbí, bí a ti ń sọ pé a fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ọsibítù, kí la wá ń yọ ara wa lẹ́nu sí? Ẹ wo England: láti ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2020, òfin ibẹ̀ ka ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sí ẹni tó ti gbà láti fi ẹ̀yà ara tọrẹ lẹ́yìn ikú, àfi bó bá ti kọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ẹbí Yorùbá kì í sì í dá irú èyí pa. Wọn á pe àwọn àgbà nílé lórí fóònù, Yorùbá ni wọ́n á sì fi jíròrò rẹ̀. Ìpinnu wọn sì ṣe pàtàkì: aláwọ̀ dúdú tó ń retí kíndìnrín ní England sábà máa ń pẹ́ lórí ìlà ju aláwọ̀ funfun lọ, torí ẹran ara àwọn tí ìran wọn sún mọ́ra ló sábà ń bára mu. Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọdún 2014 fún ẹbí láyè láti fọwọ́ sí i lẹ́yìn ikú èèyàn wọn. Àtakò tó wúwo jù ni pé ọ̀rọ̀ dídùn lè di ẹ̀tàn. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí “kú” àti “yọ” wà níbẹ̀ gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ọsibítù, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kà á sókè fún ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín.