Àwo Orin Kútọ̀nú Tí Àwọn Àjèjì Ń Wá Kiri

Orin fọ́ǹkì àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kétu Èkó ni mo ń gbé, kì í ṣe Kétu ìlú Alákétu ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n Bẹ̀nẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ní ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní Kútọ̀nú. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ fún Albarika Store ti Àjàṣẹ́, ilé-iṣẹ́ EMI ní Èkó níbí ni wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ohùn náà a sì mọ́ gaara. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, inú ilé ènìyàn ni: ẹ̀rọ Nagra kan, gbohùngbohùn kan tàbí méjì, ó parí. Orin inú ilé yìí rí págunpàgun. Ẹ ó gbọ́ ìlù Sakpata, òrìṣà tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná, nínú fọ́ǹkì tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ James Brown.

Ìrí págunpàgun yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó àwo jọ fẹ́ràn. Samy Ben Redjeb, tó dá Analog Africa sílẹ̀ ní Jámánì, wá àwo wọ̀nyí dé Kútọ̀nú. Ní 2008 ó gbé African Scream Contest àti The Vodoun Effect jáde.

Ó dùn mí díẹ̀. Bàbá mi ní àpótí àwo kan ní Ìkòsí. Nígbà tí a kó kúrò nílé náà, a dà á sórí ààtàn. N kò rántí orúkọ olórin kan ṣoṣo nínú rẹ̀.