Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì: Láti Ìgbà Crowther Dé Ìgbà JAMB

Ní 1843, a tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá jọ dúró lójú ewé kan náà. Ọ̀kan ni a fi ń mọ èkejì. Ètò ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ó tú wọn ká. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 fi owó ìrànwọ́ ìjọba ti kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, kò sì ka èdè abínibí sí. Nígbà tí a sì dá yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìkọ́ni rẹ̀.

Àjọ JAMB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, jogún ètò yìí. Iṣẹ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú ìdánwò àṣewọlé náà lónìí. Ó lè yan mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ bá gbà, ṣùgbọ́n Ìlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì di dandan. Ìbéèrè 60 ni ó ní, nígbà tí ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù ní 40. Ẹni tí ó fẹ́ gboyè nínú èdè Yorùbá gan-an kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Lára àwọn ìbéèrè náà ni èyí tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ òmíràn, tàbí tí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ń há ọ̀rọ̀ sórí ní méjì-méjì, Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á kọ́ ọ pé “miserly” ni òdìkejì “generous”. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ dàgbà ti mọ ìyàtọ̀ ọ̀làwọ́ àti ahun kí ó tó mọ ilé ìwé. Ìmọ̀ ti wà nílẹ̀. A kò kàn pè é wá síbi iṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé ó ṣeé pè. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà. A sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fagi lé ìlànà 2022 tí ó fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni. Lára ìdí tí ó sọ ni ìkùnà nínú àwọn ìdánwò bíi JAMB. Àbájáde ti Ifẹ̀ kò gbe àlàyé yìí lẹ́yìn. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ìyapa tí a dá sílẹ̀ láàárín èdè méjèèjì ni ó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun àhásórí. Bí a bá fẹ́ kí ó di ìmọ̀, ojú ewé kan náà tí Crowther tò wọ́n sí ni ó yẹ kí a dá wọn padà sí.