Alángbá òkun Galápagos

Alángbá òkun Galápagos jẹ́ ẹran afàyàfà tí ó ń gbé ní etí òkun àwọn erékùṣù Galápagos. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Amblyrhynchus cristatus. Nínú gbogbo alángbá tí ó wà láyé lónìí, òun nìkan ṣoṣo ni ó ń wá oúnjẹ rẹ̀ nínú òkun. Abẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè Ẹ̀kùàdọ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn erékùṣù náà wà, wọ́n sì tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí etíkun orílẹ̀-èdè náà, nínú Òkun Pàsífíìkì. Kò sí ibòmíràn ní àgbáyé tí alángbá yìí ń gbé.

Orúkọ àti ìtàn

Thomas Bell, onímọ̀ ẹranko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1825. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ tí ó fún un wá láti inú èdè Gíríìkì, ó sì túmọ̀ sí ẹni tí imú rẹ̀ kò ṣóńṣó. Èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ kejì, ó túmọ̀ sí ológbe, nítorí pé ẹran náà ní ogbe láti orí títí dé ìrù.

Charles Darwin rí àwọn alángbá yìí nígbà tí ó dé Galápagos nínú ọkọ̀ Beagle ní ọdún 1835. Ìrísí wọn kò wù ú rárá, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ wò wọ́n. Ó la inú mélòó kan nínú wọn, koríko inú òkun ni ó sì bá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ so ohun tí ó wúwo mọ́ alángbá kan, ó rì í sínú omi. Nígbà tí wọ́n fà á jáde lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ó ṣì wà láàyè. Darwin tún ju ọ̀kan sínú omi léraléra, ó sì ń padà tààrà sí ibi tí ó dúró sí ní gbogbo ìgbà. Àlàyé tí ó ṣe ni pé ẹran náà kò ní ọ̀tá ní etíkun, nígbà tí ẹja ekurá ń dọdẹ rẹ̀ nínú òkun; nítorí náà, ilẹ̀ ni ó kà sí ibi ààbò.

Ìrísí

Akọ tí ó dàgbà lè gùn ju mítà kan lọ láti imú dé ìpẹ̀kun ìrù; abo kéré sí i. Ìtóbi wọn yàtọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù. Ní Genovesa, akọ ńlá kò ju nǹkan bí kílò kan lọ, ṣùgbọ́n ní Isabela àti Fernandina, níbi tí omi ti tutù jù tí oúnjẹ sì pọ̀, ó lè tó kílò 12.

Àwọ̀ dúdú tàbí eérú ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Ní àsìkò gígùn, ara àwọn akọ máa ń yí padà. Ti erékùṣù Española máa ń ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Bí alángbá ilé ṣe máa ń mi orí láti fi hàn pé òun ni ó ni ibùdó kan, bẹ́ẹ̀ náà ni akọ alángbá òkun ń ṣe sí akọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ àti ìgbé-ayé

Oúnjẹ rẹ̀ ni àwọn koríko òkun pupa àti aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta. Àwọn kéékèèké àti ọ̀pọ̀ abo máa ń jẹun ní etí omi nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn. Àwọn akọ ńlá ni ó ń wọ ìsàlẹ̀ omi. Ìrù rẹ̀ tí ó pẹlẹbẹ ni ó fi ń wẹ̀, èékánná gígùn ni ó sì fi ń di àpáta mú kí ìgbì má bàa gbé e lọ. Ó lè dé ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó mítà 30, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí kò jìn ni ó sábà ń dé.

Omi tútù máa ń mú kí ooru ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi. Bí ó bá jáde, a tẹ́ ara sílẹ̀ lórí àpáta kí ó lè yáàrùn, àwọ̀ dúdú rẹ̀ a sì tètè fa ooru mọ́ra. Iyọ̀ tí ó bá oúnjẹ wọ inú rẹ̀ máa ń kó jọ sí ẹ̀yà ara kan lẹ́bàá imú, a sì sín in jáde. Iyọ̀ yìí ni ó máa ń gbẹ sí i lórí tí ó fi funfun.

Alángbá òkun kì í ké, ṣùgbọ́n ó máa ń fetí sílẹ̀. Bí ẹyẹ kékeré kan tí ó ń gbé ní Galápagos bá ké igbe ìkìlọ̀ nítorí àṣá, alángbá náà a gbọ́, a sì sá.

Ìbísí

Abo máa ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, a sì yé ẹyin kan sí mẹ́fà síbẹ̀. Ó máa ń ṣọ́ ihò náà fún ọjọ́ mélòó kan kí abo mìíràn má bàa hú ẹyin rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn ọmọ a pa, wọn a sì máa dá gbọ́ bùkátà ara wọn. Àṣá, ejò àti akàn wà lára ohun tí ó ń pa wọ́n jẹ.

Ìgbà ìyàn

Ìyípadà ojú-ọjọ́ tí a ń pè ní El Niño máa ń mú kí omi òkun yìí móoru lẹ́yìn ọdún mélòó kan síra. Koríko pupa àti aláwọ̀ ewé a kú, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ilẹ̀ a sì rọ́pò wọn. Èyí kì í dà dáadáa nínú alángbá, nítorí náà ó lè kú ikú ebi nígbà tí ikùn rẹ̀ kún. Ní àwọn erékùṣù kan, El Niño tí ó le ti pa tó ìdá 90 nínú 100 wọn.

Ní ọdún 2000, Martin Wikelski àti Corinna Thom tẹ ìwádìí kan jáde pé alángbá òkun tí ó ti dàgbà lè kúrú sí i nígbà ìyàn. Gígùn ara rẹ̀ lè fi tó ìdá 20 nínú 100 dínkù láàárín ọdún méjì, a sì tún gùn padà nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀. Kì í ṣe pé ó rù nìkan. Àwọn tí ó kúrú jù ni ó pẹ́ láyé jù, nítorí pé ara kékeré kò béèrè oúnjẹ púpọ̀.

Ewu àti ààbò

Ara tí ó mọ bí a ti ń fara da ìyàn kò mọ ohun tí ènìyàn gbé wá. Ológbò, ajá, eku àti ẹlẹ́dẹ̀ tí ènìyàn kó dé erékùṣù náà ń pa àwọn ọmọ, wọ́n sì ń jẹ ẹyin. Alángbá tí ó ti bá irú ewu bẹ́ẹ̀ pàdé máa ń kọ́ láti tètè sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tó láti gbà á là, nítorí pé ìran rẹ̀ kò mọ ọdẹ lórí ilẹ̀ fún ọdún tí ó pọ̀ jọjọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2001, ọkọ̀ agbépo Jessica gúnlẹ̀ sórí àpáta lẹ́bàá erékùṣù San Cristóbal. Epo díẹ̀ ni ó dé Santa Fe, síbẹ̀ ìdá 62 nínú 100 àwọn alángbá òkun ibẹ̀ kú láàárín ọdún kan. Àwọn olùwádìí rò pé epo náà pa àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn wọn tí ó ń bá wọn da koríko.

Òfin Ẹ̀kùàdọ̀ dáàbò bo alángbá yìí. Ọdún 1959 ni ìjọba sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Galápagos di ọgbà ààbò orílẹ̀-èdè, àjọ UNESCO sì fi àwọn erékùṣù náà kún ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1978. Àjọ IUCN ka alángbá òkun mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun lè bá.