Ìfẹ́ àti Pàṣán Ọ̀gá: Àyẹ̀wò Sinimá An Officer and a Gentleman

Nínú àwọn sinimá ìfẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ka orí ìgbésí ayé ológun, ìwọ̀nba ni èyí tí òkìkí rẹ̀ tó ti An Officer and a Gentleman, tí Taylor Hackford darí, tí ó sì jáde lọ́dún 1982. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀ kò ju ìparí rẹ̀ lọ, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fi aṣọ funfun ológun ojú omi wọ inú ilé-iṣẹ́, tí ó gbé olólùfẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pàtẹ́wọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni agbára sinimá náà wà. Abẹ́ pàṣán ọ̀gá olùkọ́, Sájẹ́ǹtì Emil Foley, ni ìfẹ́ yẹn ti di ohun tí a lè gbà gbọ́.

Douglas Day Stewart tí ó kọ ìtàn náà ti la ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ojú omi kọjá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ ológun ojú omi kọ̀ láti ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, Fort Worden, àgọ́ ológun àtijọ́ ní Port Townsend, ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n ti yà á. Owó tí wọ́n ná sí i kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ, èyí tí ó sì pa wọlé ní Amẹ́ríkà nìkan lé ní mílíọ̀nù 120.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn, egbò yìí gan-an ni Zack Mayo, tí Richard Gere ṣe, gbé wọ àgọ́: ìyá rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó sì dàgbà ní Philippines lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tí ó jẹ́ atukọ̀, ọ̀mùtí àti oníṣekúṣe. Fún òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Foley fi ń gún un lójú, tí ó ń fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ṣe mọ́, títí ọmọkùnrin náà fi fi ẹkún jẹ́wọ́ pé òun kò ní ibòmíràn láti lọ. Lẹ́yìn ẹkún yìí ni ó tó ní ohun kan tí ó lè fún Paula, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bébà tí Debra Winger ṣe. Ẹni tí kò rọ́kàn tẹ̀ síbìkan rí kò lè fi ọkàn fún obìnrin. Sid ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ilé rẹ̀ dára, ni ó pokùn so nígbà tí Lynette, olólùfẹ́ rẹ̀, kọ̀ ọ́. Ó dùn mí pé sinimá náà di ẹ̀bi ru Lynette jù, nítorí ìṣẹ́ ni ó ń sá fún.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Foley fi tòsì tirẹ̀ pamọ́ di ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí ó bẹ́rí fún àwọn tí ó ti ń bú, tí ó sì ń pè wọ́n ní ọ̀gá. Louis Gossett Jr., ọmọ Brooklyn, akin tí ojú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó là, ni ó ṣe é, bẹ́ẹ̀ a kò kọ ipa náà fún aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. R. Lee Ermey, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ológun rí, ni ó kọ́ ọ, Hackford sì fi ibùgbé rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti àwọn òṣèré yòókù kí ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà wọ́n.

Gere pàápàá rò pé ìparí inú ilé-iṣẹ́ náà ti dùn jù. Orin tí Joe Cocker àti Jennifer Warnes kọ sí i gba ẹ̀bùn Oscar, wọ́n sì ti sọ ìtàn náà di eré orin orí ìtàgé ní Sydney lọ́dún 2012. Ṣùgbọ́n ogún tí ó tóbi jù ni ti ọdún 1983, nígbà tí Gossett di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Oscar òṣèré àtìlẹ́yìn. Ọdún 7 gbáko ni ó kọjá kí òmíràn tó gbà á, Denzel Washington nínú Glory, aṣọ ológun ni òun náà sì wọ̀ gbà á.